Ẹ Má San Owó Òru Mẹ́rin Nígbà Tí Ẹ Kò Tíì Sun Ẹyọ Kan

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ yín kó ìdílé wá sí Èkó láti Ìlọrin lọ́sẹ̀ Kérésìmesì, àti pé òtẹ́ẹ̀lì kan ní Súrùlérè ní kí ẹ san owó òru mẹ́rin tán kí wọ́n tó lè fi yàrá pamọ́ fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má san án. Èmi san irú owó bẹ́ẹ̀ ní ìparí ọdún 2024, mo sì mọ ohun tí ojú mi rí.

Òṣogbo ni a ti gbéra, èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjì àti ìyá ìyàwó mi. A sun òru kan ní Ìbàdàn, a sì fẹ́ lo mẹ́rin ní Èkó kí àwọn ọmọ lè rí Freedom Park ní Broad Street, níbi tí àwọn òyìnbó fi ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà kan rí, kí wọ́n sì rìn lórí afárá orí igi tó wà ní Lẹ́kí, èyí tó gùn tó mítà 401. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí òtẹ́ẹ̀lì náà, ní apá Yábàá. Àwòrán odò ìwẹ̀ wọn ló fa ojú àwọn ọmọ mọ́ra. Yàrá méjì ni mo gbà, 45,000 náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lóru kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 360,000, tí mo san tán ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Wọ́n tún gba 20,000 lé e nítorí ohun tí a bá lè bàjẹ́, wọ́n ní àwọn yóò dá a padà bí a bá ń lọ.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró láti Mọ́wé títí dé Long Bridge, ilẹ̀ sì ti ṣú kí a tó dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ wọn ti máa ń tẹ àlejò: ẹni tó ti wà nínú ọkọ̀ láti àárọ̀, tí ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, kò ní agbára àríyànjiyàn mọ́, ohun tí wọ́n bá fún un ni yóò gbà. Wọ́n ti fi ọ̀kan nínú yàrá wa fún ẹlòmíràn, wọ́n sì fi èyí tó wà lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúnáwá, dípò rẹ̀. Odò ìwẹ̀ gbẹ táútáú, àga tó ti kán ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ìyá ìyàwó mi wo aṣọ ìnura tí wọ́n fún un, ó ní, “Ilé ìtura lẹ pe ibí yìí? Ìtura dà?” Mo bẹ ìyá pé kí wọ́n má bínú.

Ní aago méjìlá òru, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: iná, ẹ̀rọ amúlétutù, àti omi pẹ̀lú, nítorí pé iná ló ń gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi. Mo lọ bá ọmọkùnrin tó wà ní káńtà. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà, aago méjìlá la máa ń pa jẹnẹrétọ̀, a ó tàn án ní mẹ́fà.” Kò sí ẹni tó sọ èyí fún mi kí n tó sanwó. A ṣí fèrèsé, kò ní nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀fọn sì wọlé bí ẹni tí a ránṣẹ́ pè. Inú ọkọ̀ ni mo gbé àwọn ọmọ sùn sí.

Ní òwúrọ̀, mo ní kí wọ́n dá owó òru mẹ́ta tó kù padà, 270,000 náírà. Ọ̀gá wọn fi ìka tọ́ ìlà kékeré kan lórí rìsíìtì, pé àwọn kì í dá owó padà. N kò mọ̀ nígbà náà pé òfin àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé yàrá tó ti gbà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olókòwò lè yọ ìwọ̀n tó bá tọ́ kúrò nínú owó náà. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti dárúkọ FCCPC fún un, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, tàbí LASCOPA tí í ṣe ti ìpínlẹ̀ Èkó. Lẹ́yìn wákàtí méjì, 150,000 ni mo rí gbà. Nínú 20,000 yẹn, wọ́n yọ 5,000, wọ́n ní ọmọ mi ṣẹ́ etí garawa. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Agége la gbà lọ, a tẹ́ ẹní sí pálọ̀, a sì sùn dáadáa.

Nítorí náà, bí ẹ bá pè wọ́n, ẹ má béèrè bóyá iná wà, nítorí ẹni gbogbo ni yóò dáhùn pé ó wà. Ẹ béèrè aago tí wọ́n ń pa ẹ̀rọ amúnáwá àti aago tí wọ́n ń tàn án. Ẹ béèrè bóyá òpópónà wọn wà nínú ọ̀wọ́ Band A, àwọn tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́ fún, tí owó iná wọn sì wọ́n ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá owó orí wà nínú iye tí wọ́n pè, kí wọ́n má baà lé e lórí ní ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ. Owó òru kan ṣoṣo ni kí ẹ san. Bí wọ́n bá kọ̀, òtẹ́ẹ̀lì pọ̀ ní Súrùlérè. Ẹ gbìyànjú kí ẹ wọ Èkó kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ sì ṣí ẹ̀rọ omi, kí ẹ tan gbogbo iná yàrá, kí ẹ tó gbé ẹrù kúrò nínú ọkọ̀.

Àbúrò mi kan ń gbé ní Ojúẹlẹ́gba, aago márùn-ún ìdájí ló sì máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ẹ sọ òpópónà tí òtẹ́ẹ̀lì náà wà fún mi, n ó ní kí ó gba iwájú ibẹ̀ kọjá, kí ó wò ó bóyá iná ń jó.