Kí ni "kátálísììtì" túmọ̀ sí, ṣé ó lè yí ohun tó ń jáde padà?

Ìbéèrè: Wọ́n ní kátálísììtì máa ń mú ìyípadà kẹ́míkà yá, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán. Ṣé ibi tí ìtumọ̀ rẹ̀ mọ nìyẹn, àbí ó tún lè yí ohun tó ń jáde padà?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó dúró fún títú nǹkan ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ. Berzelius, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Sweden, ló mú un wọ inú ẹ̀kọ́ yìí ní 1835. Lójú tèmi, "alàbùjá" ni ì bá bá a mu jù, nítorí ọ̀nà àbùjá ló ń là. Kí nǹkan tó di nǹkan mìíràn, òkè agbára kan wà tó gbọ́dọ̀ gùn. Kátálísììtì kì í tì í gun òkè náà. Ọ̀nà mìíràn tí òkè rẹ̀ kò ga ló ń fi hàn án.

Da 50 ml hydrogen peroxide 3%, omi apakòkòrò tó máa ń tú sí omi àti oxygen, sínú ife gíláàsì. Bí o bá wò ó títí, o lè má rí nǹkan kan. Bu 0.5 g manganese dioxide, ìyẹ̀fun dúdú kan, sí i: yóò hó yaa, nǹkan bí ìdajì lítà oxygen yóò sì jáde. Bí o bá bu 1 g, á yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìdajì lítà yẹn náà ni. Sẹ́ ìyẹ̀fun náà, jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí o tó wọ̀n ọ́n. Iye tí o bù sí i ló máa wà níbẹ̀. Má ṣe dé ife náà pa o, oxygen á fọ́ ọ.

Bí ìyípadà kan bá ń lọ tó sì ń bọ̀, ibi tí a bá gbà gun ọ̀pẹ náà la ń gbà sọ̀: bó ṣe mú àlọ yá ló ń mú àbọ̀ yá. Irin tí wọ́n fi ń ṣe ammonia, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe ajílẹ̀, kò lè fi kún iye ammonia tó máa wà nígbà tí àlọ àti àbọ̀ bá dọ́gba. Ó kàn ń jẹ́ kó tètè débẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀nà bá ti pín sí méjì, kátálísììtì ló ń yan èyí tí a máa gbà. Sọ ethanol, èròjà tó ń pani nínú ọtí, di oru, kí o darí rẹ̀ gba orí bàbà ní nǹkan bí 300 °C: hydrogen á já kúrò lára rẹ̀, ethanal á kù. Fi alumina (aluminium tó ti bá oxygen pọ̀) rọ́pò bàbà ní nǹkan bí 350 °C: omi ló máa já kúrò, ethene ló máa kù. Ethanol kan náà ni o.

Ojú kátálísììtì tó bá le bí èyí ni iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ kúnná. Bí imí-ọjọ́ tàbí òjé bá lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ìgbóná bá pọ̀ jù, àwọn horo kéékèèké á yọ́ mọ́ra, ojú iṣẹ́ á dín. Síbẹ̀, àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ fi òjé díẹ̀ sára palladium, irin iyebíye kan tó jẹ́ kátálísììtì: ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀, tó fi jẹ́ pé bí ó bá ń fi hydrogen kún alkyne (èròjà carbon tó lè gba hydrogen lẹ́ẹ̀mejì), orí alkene (èyí tó ti gbà á lẹ́ẹ̀kan) ló máa dúró sí, kò ní bá a dé alkane (èyí tí kò lè gbà á mọ́).