Ẹ Bi Wá: Báà, Láúńjì àti Kílọ́ọ̀bù Lóru Ọjọ́ Kan

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin fẹ́ lo òpin ọ̀sẹ̀ ní ìlú ńlá kan tí a kò dé rí. Ibi mẹ́fà la ti kọ sílẹ̀, báà, láúńjì àti kílọ́ọ̀bù, a sì fẹ́ dé gbogbo rẹ̀ lóru Sátidé. Èwo ni ká kọ́kọ́ yà sí? (Ẹlẹ́sẹ̀ Ayé)

Mẹ́fà ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá yọ àkókò ìrìn, títò sẹ́nu ọ̀nà, wíwá ìjókòó àti dídúró de ọtí kúrò, ẹ ò ní gbádùn ìkankan nínú wọn. Ẹ mú mẹ́ta tí kò jìnnà síra, tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn láàárín ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá fi wákàtí tò wọ́n.

Ìrọ̀lẹ́ ni ti báà. Láàárín agogo mẹ́fà sí mẹ́jọ, agbọ́tí ṣì ráyè dá yín lóhùn, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ sì máa ń dín owó ọtí kù nígbà náà kí èrò lè tètè dé. Etí káńtà ni kí ẹ jókòó sí, ẹ má lọ ká mọ́ kọ̀rọ̀. Níbẹ̀ lẹ ti máa rí i bóyá ife ìwọ̀n kékeré ni wọ́n fi ń wọn ọtí líle, àbí wọ́n kàn ń dà á pẹ̀lú ojú lásán. Níbi tí wọ́n bá ti ń fojú wọ̀n ọ́n, ife méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà kì í le bákan náà. Bó bá jẹ́ báà olórin, ẹ béèrè aago tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ eré, kí ẹ sì ti jókòó ní ìdajì wákàtí ṣáájú. Bó bá jẹ́ báà tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, ẹ wo ètò ìdíje ọjọ́ náà kí ẹ tó gbéra. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ ńlá méjì bá ń kojú ara wọn, ẹ ò ní rí ibi gbé ìgúnpá lé. Báà orí òrùlé dáa púpọ̀, àfi bí òjò bá ti ṣú.

Láúńjì ló kàn, láti nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án. Ìjókòó ni wọ́n ń tà níbẹ̀ ju ọtí lọ: àga tìmùtìmù, iná tó rọra ń tàn, orin tí kò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ pè wọ́n ṣáájú kí wọ́n bá yín mú tábìlì. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹ máa pẹ́, ẹ tún pè wọ́n, torí ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kì í mú un dè yín pẹ́. Nígbà tí èrò bá ti kún, ẹ má béèrè fún kọ́kítéèlì tí wọ́n máa ń gún ewé sínú rẹ̀ tàbí èyí tí ẹ̀rọ ń lọ̀. Ó ń jẹ àkókò, agbọ́tí tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn yóò sì kánjú bà á jẹ́.

Kílọ́ọ̀bù ló gbẹ̀yìn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ojú agbo ijó máa ń ṣófo títí di ọ̀gànjọ́, ṣùgbọ́n owó ìwọlé sábà máa ń kéré tàbí kó má tilẹ̀ sí bí ẹ bá tètè dé. Ẹ béèrè aago tí owó náà ń yí padà, kí ẹ dé ní ìdajì wákàtí ṣáájú rẹ̀. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ jáde gba atẹ́gùn. Níbi tí kò bá sí òǹtẹ̀, ẹni tó bá jáde ti jáde nìyẹn.

Ní ti aṣọ, ẹ wo ibi tí òfin rẹ̀ le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ múra fún un láti ilé. Sálúbàtà, ṣòkòtò péńpé àti aṣọ eré ìdárayá ni wọ́n sábà máa ń tìtorí ẹ̀ dá èèyàn padà. Káàdì ìdánimọ̀ tó ní àwòrán àti ọjọ́ ìbí ni kí ẹ mú dání, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù. Òwe ní àìrìn pọ̀ ló ń jẹ ọmọ ejò níyà, àmọ́ àwọn géńdé ẹnu ọ̀nà kílọ́ọ̀bù kò gbọ́ òwe yẹn rí, wọn kì í sábà fẹ́ gba agbo ọkùnrin wọlé: bí ẹ̀yin márààrún bá jẹ́ ọkùnrin, ẹ pín ara yín sí méjì àti mẹ́ta kí ẹ tó dé orí ìlà.

Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni tábìlì wa ní kílọ́ọ̀bù, àfi ká ṣáà ra ìgò. Nígbà tí bíìlì dé, ó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ju iye tó wà nínú ìwé ọtí wọn lọ. Ṣé wọ́n rẹ́ wa jẹ ni? (Olówó Òfo)

Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, iye ìgò nìkan ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ọtí. Owó orí àti owó iṣẹ́ àwọn tó ń gbé ọtí wá, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó ni wọ́n tó ń lé e lórí. Kí ẹ tó jókòó, ẹ béèrè iye tó kéré jù tí tábìlì náà gbọ́dọ̀ ná, bóyá owó orí àti owó iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, àti bóyá ọ̀fẹ́ ni omi, yìnyín àti ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ń gbé tẹ̀lé ìgò. Ti ẹlẹ́rìndòdò yẹn ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Agolo tí ẹ ò béèrè á kàn máa dé, gbogbo rẹ̀ ló sì máa wà lórí bíìlì.

Ohun mìíràn: ojú yín ni kí wọ́n ti ṣí ìgò. Bí ìdérí bá ti já tẹ́lẹ̀, ẹ dá a padà. Ọtí ayédèrú lè ní methanol, irú ọtí olóró kan tí kì í ṣe mímu, nínú, ahọ́n àti imú ò sì lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, arìnrìn-àjò 6 kú ní Vang Vieng, ní orílẹ̀-èdè Laos, lẹ́yìn ọtí tí wọ́n fura pé ó wà nínú rẹ̀. Àmì rẹ̀ lè má yọjú títí wákàtí 12 sí 24 yóò fi kọjá. Bí ojú bá ń ṣe bàìbàì lọ́jọ́ kejì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, ẹ má sùn ún dànù.

Ìgò bíà ńlá méjì lèmi máa ń mu, ìyàwó mi á mu Long Island Iced Tea méjì. Kí ló dé tó jẹ́ òun ló máa ń kọ́kọ́ yó? (Baba Ìbejì)

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ fi iye mìlílítà sọ iye ìdá ọtí nínú ọgọ́rùn-ún di púpọ̀, ẹ pín in sí 100, ẹ tún fi 0.8 sọ ọ́ di púpọ̀: gíráàmù ọtí pọ́nńbélé lẹ rí yẹn. Bíà mìlílítà 600 tó jẹ́ ìdá 5 ní gíráàmù 24. Tíì tí ìyàwó yín ń mu kò ní tíì kankan nínú. Ọtí líle márùn-ún ni: vodka, gin, rum, tequila àti ọtí ọsàn, mìlílítà 15 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mìlílítà 75 lápapọ̀, ní ìdá 40, gíráàmù 24 náà ni. Ọtí kan náà lẹ jọ ń mu, bó ti wù kí ife kéré tó.

Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé omi ara obìnrin sábà máa ń kéré sí ti ọkùnrin, torí náà ọtí tó pọ̀ bákan náà á ki nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bíà ń kún ikùn, kì í jẹ́ kéèyàn tètè mu ún tán, nígbà tí ọtí dídùn tí wọ́n ń fi sítírọ́ọ̀ fà lè tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọtí sì lè lo ìdajì wákàtí sí wákàtí kan àbọ̀ kó tó dé góńgó nínú ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ lèèyàn ti máa ń sọ pé “kò tíì wọ̀ mí” kó tún gba òmíràn.

Ẹ̀dọ̀ ń mú nǹkan bí gíráàmù 7 sí 10 kúrò ní wákàtí kan, kọfí tàbí omi tútù ò lè lé e. Ohun mímu tó ní kaféìnì púpọ̀ kàn máa ń bo ìmutípara mọ́lẹ̀ ni. Kí ìyàwó yín jẹun kó tó bẹ̀rẹ̀, kó fi ife omi kan sáàárín méjèèjì.

Bí mo bá ti kílọ́ọ̀bù dé, etí mi á máa hó fún ọjọ́ méjì. (Etí Dídì)

Ìkìlọ̀ ni etí yín ń ṣe. Déṣíbẹ́lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Ní déṣíbẹ́lì 85, wákàtí 8 ni ààlà. Bí ariwo bá ti fi 3 lé sí i, àkókò náà ń já sí ìdajì. Ní 100, ó ku ìṣẹ́jú 15, ariwo kílọ́ọ̀bù sì ń débẹ̀ dáadáa. Ẹ kúrò nídìí sípíkà, ẹ ra fóòmù tí wọ́n fi ń dí etí. Ẹ fi ìka yí i títí yóò fi tín-ín-rín, ẹ fi ọwọ́ kejì fa etí sókè sẹ́yìn, ẹ tì í bọ̀ ọ́, kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 kó lè wú. Òwú àti tíṣù kò ṣiṣẹ́.

Ọ̀kan nínú wa mu ife kan péré, ó sì sùn lọ lórí àga bí ẹni tó mu mẹ́fà. Ṣé ká jẹ́ kó sùn? (Ọ̀rẹ́ Tòótọ́)

Rárá o. Ẹ pè é, ẹ mì í. Bí kò bá jí, tàbí tí mímí rẹ̀ kò tó 8 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí awọ ara rẹ̀ tutù tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n tó dé, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan lélẹ̀, ẹ ká orúnkún òkè síwájú kó má baà yí padà, ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹnu kọjú sísàlẹ̀ díẹ̀. Bó bá bì, kò ní há a lọ́fun. Ẹ má fún un ní nǹkan mu.

Ife kan péré tó ṣe báyìí, ẹ fura pé wọ́n ti fi nǹkan sí i. Ẹ má jẹ́ kí àjèjì kankan sọ pé òun á gbé e délé, kódà bó ń bẹ̀bẹ̀. Lára àwọn oògùn bẹ́ẹ̀, GHB kì í sí nínú ìtọ̀ mọ́ lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 12, nítorí náà kí wọ́n gba ìtọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà aago tó mu ún, bí nǹkan bá sì ṣẹ́ kù sínú ife náà, ẹ gbé e dání lọ.