Ó ti fi tramadol sílẹ̀, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ túbọ̀ ń fà sí i

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì Àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹja ni mò ń tà ní ọjà Olúwo, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ níbí. Ọmọ mi ọkùnrin, ọlọ́kadà, ti lo tramadol fún bí ọdún méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó ti jáwọ́. Ó bì, ó yàgbẹ́ gbuuru, ó làágùn, gbogbo eegun ń ro ó. Ìyẹn ti lọ. Àfi bó ṣe ń sọ báyìí pé bí òun bá ti dé gáréèjì, ó ń ṣe òun ju ti ọjọ́ kìíní lọ. Bàbá rẹ̀ ní oríkunkun ni. Àbúrò mi ní àwọn òyìnbó ti fi oògùn kan dán eku wò lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, pé ó wà ní kẹ́míìsì. Ṣé kí n rà á? – Ìyá Sodíq

ÌDÁHÙN: Ìyá Sodíq, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bá mi sọ fún bàbá Sodíq pé kì í ṣe oríkunkun. Eku gan-an ló jẹ́rìí sí i, kì í ṣe irú èyí tó ń jẹ ẹja gbígbẹ mi ní Ìkòròdú níbí o.

Wọ́n ki rọ́bà tín-ín-rín bọ iṣan eku, wọ́n gbé irin kékeré kan síwájú rẹ̀. Bó bá tẹ irin náà, iná á tàn, heroin á wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. (Ojúlé kan náà ni heroin àti tramadol ń wọ̀ nínú ọpọlọ, heroin kàn le jù ni.) Nígbà tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ tán, wọ́n gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dá àwọn kan padà sídìí irin lọ́jọ́ kejì, wọ́n jẹ́ kí ọjọ́ gorí ọjọ́ fún àwọn mìíràn. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jù! Ìwádìí bẹ́ẹ̀ lórí heroin jáde ní 2001. Gáréèjì yẹn ni iná kékeré ti Sodíq.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti fi aáṣáà sílẹ̀. Bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ aláṣáà kọjá ní Sábó, imú mi ṣì ń yún mi.

Oògùn tí àbúrò yín gbọ́, mo fura pé clonidine ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ní Yunifásítì Yale, l'Amẹ́ríkà, lẹ́yìn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára ọ̀bọ, wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ èèyàn ní 1978, ó sì ń dín òógùn àti ara gbígbọ̀n kù. Bí wọ́n bá tún fi iná mànàmáná ta eku lẹ́sẹ̀, tí ìyẹn sì mú un padà sídìí irin, clonidine ń mú kó yé tẹ̀ ẹ́. Wàhálà ló ń ti eku yẹn padà sídìí irin, kì í ṣe ibi tó ń rán an létí oògùn bíi gáréèjì Sodíq. Òógùn Sodíq sì ti gbẹ. Clonidine ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, òòyì lè kọ́ ọ lórí ọ̀kadà. Ẹ má rà á.

Oògùn méjì kan, methadone àti buprenorphine, ló ń dín òǹgbẹ ọ̀hún fúnra rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n abẹ́ ojú dókítà ni wọ́n ti ń lò wọ́n. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá. Ẹ má wo ti orúkọ ibẹ̀; àwọn tí kì í ṣe wèrè pọ̀ níbẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ara rẹ̀ ti gbàgbé bó ṣe ń gba oògùn náà mọ́ra. Bó bá padà gbé iye tó ń gbé tẹ́lẹ̀ mì, pàápàá oníhóró 225 mg tí NAFDAC ò fọwọ́ sí, gìrì lè mú un, èémí sì lè dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá jí i tí kò jí, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ wá mọ́tò lọ sí ọsibítù kíá.

Kó tó di ọjọ́ tí ẹ máa lọ Yábàá, ṣé kò lè máa bá yín gbé ẹja l'Olúwo, kó fi gáréèjì yẹn sílẹ̀ ná?