Ẹ Bi Mí Léèrè: Òwú Ló Ń Fún Kọ́ìlì Lómi Mu

Ìbéèrè: Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi mu sìgá kí n tó bọ́ sórí vape, sìgá oníbátìrì tó ń sọ omi di èéfín. Èyí tí wọ́n ń mu tán tí wọ́n ń jù nù ni mò ń lò, títí ìjọba ìlú ọba fi fòfin de títà rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2025. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ wé kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tó ń gbóná nínú vape, pé owó rẹ̀ kéré. Mo wá ra RDA kan, èyí tí wọ́n ń kán omi vape sí lọ́wọ́, àti RTA kan, èyí tó ní táǹkì omi. RDA yẹn dùn lẹ́nu, àmọ́ mi ò lè máa kán omi sí nǹkan nínú bọ́ọ̀sì. RTA ní tirẹ̀, bí kò bá jò, á jóná. Èwo ni kí n dì mú nínú méjèèjì? Ṣé òwú ni kò dáa ni, àbí kí n ra mesh, rayon tàbí silica dípò rẹ̀? – Olùkàwé, Peckham

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú oríire pé o bọ́ lọ́wọ́ sìgá. Má ju RTA yẹn nù. Ohun tó ń ṣe é kò ju bí o ṣe gé òwú rẹ̀ lọ, mo sì lè fi gbogbo ẹnu sọ bẹ́ẹ̀, torí àìsàn kan ṣoṣo ni jíjò àti jíjóná.

Nílé wa n'Íbàdàn, sítóòfù oníkẹrosíìnì olówú mẹ́wàá ni màmá mi fi ń dáná. Láàárọ̀ Sátidé, èmi ni mo máa ń bá wọn tú u. Wọ́n á fi àlùmọ́gàjí rẹ́ orí òwú tó ti dúdú, wọ́n á fa ìkọ̀ọ̀kan sókè díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi dọ́gba. Lọ́jọ́ kan, mo ki òwú tó nípọn jù bọ ihò kan. Màmá ò pariwo. Wọ́n ní kí n tanná sí i kí n máa wò ó. Kò pẹ́ tí iná ibẹ̀ fi pọ́n, tó ń rú èéfín, tí òórùn gba gbogbo ilé. Wọ́n ní, “Epo ò ráyè gòkè. Òwú gan-an ni iná ń jẹ yẹn.” Mi ò tíì rí ìwé kankan tó ṣàlàyé kọ́ìlì fún mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òwú ń fa omi, kọ́ìlì ń mu ún. Bí kọ́ìlì bá ń mu ju bí òwú ti ń fà lọ, òwú á jó.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ò ju ẹni tó ń pọnmi fún òwú lọ. Lórí RDA, ìwọ ni apọnmi. Kò ní táǹkì. Kòtò kékeré kan ló wà lábẹ́ kọ́ìlì, ibẹ̀ ni ìrù òwú ń sùn sí. O kán omi díẹ̀, o fà á bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, o tún kán omíràn. Kọ́ìlì sún mọ́ ẹnu gan-an, ìdí nìyẹn tó fi dùn. Ó sì máa ń forí ji ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì mọ iṣẹ́, torí òwú tó fẹ̀ díẹ̀ tàbí tó kéré díẹ̀ ò lè bà á jẹ́. Bí o bá fẹ́ràn adùn yìí ju ohunkóhun lọ, ẹ̀yà kan wà tí wọ́n lu ihò sí ìdí rẹ̀, tí ike omi rírọ̀ wà nínú àpótí bátìrì nísàlẹ̀. O tẹ ike náà, omi gòkè, o sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Squonk ni wọ́n ń pè é.

RTA ní táǹkì tó yí kọ́ìlì ká, ibẹ̀ sì ni òwú ti ń ṣiṣẹ́ méjì: ó ń fa omi, ó sì tún jẹ́ ilẹ̀kùn. O rántí ike omi ńlá tí wọ́n ń dojú rẹ̀ dé orí ẹ̀rọ omi tútù ní ọ́fíìsì? Omi inú rẹ̀ kì í da sílẹ̀, torí kò sí afẹ́fẹ́ tó ráyè wọlé rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá bu omi ni afẹ́fẹ́ tó wọlé, tí o sì gbọ́ tó ń hó gbùlù-gbùlù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni RTA. Nígbà tí o bá fà á, omi díẹ̀ gba inú òwú wọlé, afẹ́fẹ́ díẹ̀ gòkè sínú táǹkì. Bí òwú ò bá kún ojú ihò tí omi táǹkì ń gbà wọlé, afẹ́fẹ́ á máa wọlé bó ṣe wù ú, omi á sì máa dà: ó jò nìyẹn. Bí o bá ki òwú mọ́ ọn, omi ò ní lè kọjá: ó jóná nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Mú wáyà Kanthal nọ́ńbà 28, wé e ní ìlọ́ mẹ́fà mọ́ irin tó fẹ̀ tó mìlímítà 2.5. Bó ṣe ń dènà iná mọ̀nàmọ́ná yóò wà nítòsí ohm 1.1, èyí tó bá ẹni tó ń fà á bí ìgbà tó ń fa sìgá mu. Wáàtì 12 sí 15 ti tó o. Kí òwú tó wọ inú rẹ̀, tẹ iná sí i díẹ̀díẹ̀, kó máa pọ́n láti àárín wá síta. Bí ojú kan bá ń dá pọ́n, fi irin ha orí kọ́ìlì lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ títí á fi dọ́gba. Má dán èyí wò lórí wáyà nickel tàbí titanium láé.

Ó wá ku òwú. Gé e ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, lọ́ ẹnu rẹ̀ kan kó mú, kó o fi í gba inú kọ́ìlì. Bí o bá ń fà á, kó máa lọ́ra díẹ̀, kí o rí i pé ó ń gbá kọ́ìlì mú, àmọ́ kí kọ́ìlì má tẹ̀ lé e. Bí kọ́ìlì bá ń tẹ̀, dín in kù. Òwú máa ń wú tó bá ti mu omi. Fà á síwá-sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, kí o gé ìrù méjèèjì síbi tí etí pèpéle tí kọ́ìlì jókòó lé bá dé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: wọ́n á fi gbogbo ìrù náà sílẹ̀, wọ́n á wá kì í bọ ihò. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Fi abẹ́rẹ́ ya ìrù náà bí ẹni ń ya irun ọmọ, yọ bí ìdá mẹ́ta kan lábẹ́ rẹ̀ kó fúyẹ́, kó o wá fi ẹ̀mú tẹ́ ẹ sójú ihò. Kó bo ihò náà pátá, kó kan ìsàlẹ̀, àmọ́ kí o ṣì lè fi orí abẹ́rẹ́ gún un láìjà. Kán omi sí i títí funfun rẹ̀ á fi di bíi gíláàsì tó mọ́, kó o tó dé e. Nígbà tí o bá ń bu omi sí táǹkì, pa ojú afẹ́fẹ́ dé. Dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí o tó fà á.

Wo omi tí ò ń lò náà. Èyí tí gilisíríìnì rẹ̀ pọ̀ máa ń ki, kì í yára gba ihò tóóró. Lórí RTA kékeré bíi tìrẹ, èyí tó jẹ́ ìdajì gilisíríìnì, ìdajì propylene glycol tí kì í ki, ló dáa jù. Òfin ìlú ọba ò gba táǹkì tó ju mílílítà 2 lọ, nítorí náà wàá máa bu omi sí i léraléra. Má jẹ́ kó gbẹ.

Ẹ̀yà kẹta ni RDTA: pèpéle wà lókè, táǹkì wà nísàlẹ̀, ìrù òwú gùn wọ inú omi bíi ti fìtílà gan-an. Òun ló wù mí lójú jù nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n bí omi bá ti lọ sílẹ̀, àfi kí o máa dà á ṣẹ̀gbẹ́ kí òwú tó rí mu. Nínú ẹ̀yà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Genesis ni mesh ti wọlé, ìyẹn àwọ̀n irin tí wọ́n ká bí ẹní, tí wọ́n fi iná sun kó lè ní èèpo tí kò gbé iná mọ̀nàmọ́ná. Bí wáyà bá kan ojú kan tí kò sun dáadáa, ibẹ̀ ni yóò gbóná jù. Iṣẹ́ onísùúrù ni, mi ò sì ní fi lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́.

Silica kì í jó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í yára fa omi, fọ́nrán rẹ̀ sì máa ń bó bí o bá ti gé e. Mi ò fẹ́ kí ohun tó rí bíi gíláàsì máa bó nítòsí ọ̀fun ẹnikẹ́ni. Rayon dáa, láti ara igi ni wọ́n ti ń ṣe é. Òun ni àwọn onídìrí ń tò sí etí irun kí kẹ́míkà má baà ṣàn sójú ènìyàn. Kì í wú bí òwú, nítorí náà o ní láti jẹ́ kó kún inú kọ́ìlì ju òwú lọ. Kọ́kọ́ mọ òwú gé ná.

Ọ̀rọ̀ kan nípa bátìrì, mo sì bẹ̀ ọ́: má gbé àwọn nǹkan yìí sórí àpótí tí kò ní ẹ̀rọ ìdáàbòbò. Bátìrì tó kún jẹ́ volt 4.2, lórí kọ́ìlì ohm 0.2, amp 21 ni yóò máa tú jáde, ọ̀pọ̀ bátìrì ni agbára wọn ò tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, níbí ní Sùúrùlérè, òwú vape wọ́n. Ṣé mo lè lo òwú kẹ́mísítì? – Olùkàwé, Èkó

Ìdáhùn: O lè lò ó, bó bá jẹ́ òwú ni lóòótọ́. Òwú oko, òwú fìtílà, òwú ìránṣọ, orúkọ kan náà la ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òwú ìránṣọ tí wọ́n ń tà lónìí jẹ́ polyester, tó ń yọ́ bí ọ̀rá. Já díẹ̀ nínú èyí tí o rà, fi ẹ̀mú dì í mú, kó o ṣáná sí i. Bó bá jó bíi bébà, tí eérú rẹ̀ fọ́ sí ọ lọ́wọ́, òwú ni. Bó bá yọ́, tó dì bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú, jù ú nù. Èyí tó bá yege, rí i pé kò ní lọ́fíńdà, sè é nínú omi tó mọ́, fún un, fi aṣọ bò ó kó gbẹ.

Ìbéèrè: Mo kà pé òróró àgbọn dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Ṣé mo lè fi sínú RDA mi? – Olùkàwé, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Rárá o. Òróró kankan, ì báà jẹ́ ti àgbọn, ti efinrin tàbí èyí tí aláàfáà gbàdúrà sí, kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró kò mọ bí wọ́n ṣe ń da òróró. Lọ́dún 2019, ní Amẹ́ríkà, òróró fítámì E kan tí wọ́n lú mọ́ omi vape onígbó wà lára ohun tó dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dùbúlẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2020, àwọn tí àìsàn náà mú ti lé ní 2,800, 68 sì ti kú. Bí o bá ti dán an wò, tú RDA náà palẹ̀, ju òwú rẹ̀ nù, fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Bí àyà bá ń dùn ọ́ tàbí tí èémí ò já gaara, lọ bá dókítà lónìí, kí o sì sọ fún un pé òróró lo fà.