Ṣé àgbo lè sọ AS di AA?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Abẹ́òkúta la wà, ìgbéyàwó wa sì ku oṣù mẹ́rin. AS lèmi àti àfẹ́sọ́nà mi. Ẹnìkan tó ń ta àgbo ládùúgbò wa ní òun á fọ ẹ̀jẹ̀ wa fún oṣù mẹ́ta, a ó di AA. Bùrọ̀dá mi ní irọ́ ni, pé inú DNA ló wà. Kí ni DNA yìí, kí ló dé tí àgbo ò fi lè débẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, òótọ́ ni bùrọ̀dá yín sọ. Kò sí àgbo, kò sì sí oògùn òyìnbó tí a ń gbé mì, tó lè sọ AS di AA. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má náwó sí i.

Ẹ wo àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú. Wọ́n á gbé páànù tí wọ́n ti gé àwòrán sí lé aṣọ lórí, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún ra á, wọ́n á ká páànù kúrò. Ẹ̀kọ ló kù tó gbé àwòrán dúró. Bí aṣọ bá ti inú aró jáde, wọ́n á ha ẹ̀kọ dànù. Páànù yẹn ni DNA, àkọsílẹ̀ ètò ara tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀kọ ni RNA: ó gbé àwòrán débi iṣẹ́, iṣẹ́ parí, ó tú ká. Aṣọ ni purotéènì tí ara ń lò. Bí páànù bá ní àléébù, ẹ rẹ aṣọ láró lẹ́ẹ̀mẹwàá, àléébù náà á tún jáde lára aṣọ tó kàn.

Àkàbà tí a lọ́ bí okùn ni DNA. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Watson àti Crick ló ṣàlàyé bó ṣe rí ní 1953, iṣẹ́ Rosalind Franklin ló sì là wọ́n lójú. Lẹ́tà mẹ́rin ló ní: A, T, G, C. T nìkan ni A ń bá so pọ̀, C nìkan ni G ń bá so pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ni RNA ní, U ló sì ń lò dípò T. (Lẹ́tà A yìí kì í ṣe A inú AS o, orúkọ ló jọra.)

Níbi tí wọ́n kọ ètò hìmóglóbìn, purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀, sí, GAG ló yẹ kó wà. Lára ẹni tó ní S, lẹ́tà kan yí: GTG. RNA dà á kọ ní GUG. Mẹ́ta-mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń ka lẹ́tà, lẹ́tà mẹ́ta dúró fún ẹyọ kan lára ohun tí a fi ń kọ́ purotéènì. Nítorí náà ẹyọ tí à ń pè ní valine ló fi síbi tó yẹ kí glutamic acid wà, ẹyọ kan péré nínú 146 tó so pọ̀ di ẹ̀ka hìmóglóbìn náà. Ẹyọ kan yẹn ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tó jẹ́ SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ladìde, tẹ̀ bíi dòjé. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó dá ṣáṣá ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Ti fòníkú-fọ̀ladìde kì í sábà ju 20 lọ.

Sẹ́ẹ̀lì pupa tó dàgbà tán kò ní DNA nínú rárá. Inú mùdùnmúdùn eegun ni páànù rẹ̀ wà, èyí tí ẹ ó sì fi bímọ wà nínú ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin. Kí wá ni wọ́n fẹ́ fọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀?

Ẹ lè gbọ́ pé ẹnìkan “yí padà”. Àyẹ̀wò tí à ń ṣe ní láàbù kì í wo DNA. A ó kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí bébà tó rin, a ó fi iná mànàmáná sí i, hìmóglóbìn A á sáré ṣíwájú hìmóglóbìn S, ilà méjì á hàn: AS nìyẹn. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí onítọ̀hún lára, hìmóglóbìn A ti ẹlòmíràn lè hàn níbẹ̀, tí SS á fi jọ AS. Àṣìṣe láàbù náà wà.

Nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí AS méjì bá ní, 25 nínú 100 ni pé ọmọ á jẹ́ SS. Bí àkọ́bí bá jẹ́ AA, kò gba àbúrò rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n lè yẹ DNA ọmọ wò nínú oyún láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 11, ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ ti jọ sọ ohun tí ẹ ó ṣe bí èsì bá jẹ́ SS. Ìtọ́jú tó ń tún DNA inú mùdùnmúdùn ṣe ti gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2023. Owó rẹ̀ pọ̀ gan-an, kò sì kan ohun tí ẹni náà máa fún ọmọ.

Ẹ lọ tún àyẹ̀wò ṣe lọ́sẹ̀ yìí, ní láàbù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì jọ jókòó ti dókítà kí ẹ tó san owó gbọ̀ngàn.