Ìyá Wa Ń Béèrè Ohun Tí Ó Ń Ṣe Wọ́n: Ṣé Kí A Sọ Fún Wọn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín o. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ìyá wa jẹ́ ẹni ọdún 63, aláró sì ni wọ́n kí ara wọn tó kọ iṣẹ́. Ní èṣí ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn fún wọn, tí wọ́n sì fa kímò, oògùn líle tí ń pa jẹjẹrẹ, sí wọn lára. Ní oṣù tó kọjá, dókítà pe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sí kọ̀rọ̀, ó ní àrùn náà ti dé egungun àti ẹ̀dọ̀, pé kò ṣeé wò tán mọ́, ṣùgbọ́n pé a lè gbìyànjú kímò mìíràn ní Ìbàdàn bí a bá fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó bá sọ ọ́ létí Màmá ló pa wọ́n. Làkúrègbé ni a sọ fún wọn pé ó ń dà wọ́n láàmú. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n kó àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rẹ fún mi, wọ́n sì bi mí pé, "Ṣé dókítà ò sọ nǹkan kan fún yín ni?" Mo ní rárá. Láti ọjọ́ náà n kò lè wo ojú wọn. Kí ni kí n ṣe?
Ọmọ Aláró, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ọmọ Aláró, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Kí n tó sọ̀rọ̀ kímò, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti àdìrẹ yẹn. Aláró kì í ṣàdédé pín aṣọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ. Ìyá yín ti mọ̀. Ó lè jẹ́ pé wọn kò mọ ibi tí àrùn náà dé, ṣùgbọ́n àwọn ni egungun ń ro ní òru, àwọn náà ni wọ́n sì ń rí i bí ẹ ṣe ń pa ẹnu mọ́ nígbà tí wọ́n bá yọ. Irọ́ làkúrègbé kò mú ẹ̀rù kúrò lára wọn. Ńṣe ni ó fi àwọn nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo rí aláìsàn tó bẹ̀ mí nínú wọ́ọ̀dù pé kí n má jẹ́ kí àwọn ọmọ òun mọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ náà dúró sí ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ìyá àwọn mọ̀.

N kò bá ẹ̀gbọ́n yín wí. Lọ́dọ̀ wa, a kì í fẹ́ fi ẹnu wa pe ikú sílé. Ṣùgbọ́n àwa náà ni àwọn àgbà wa ń pe ọmọ jọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní, kí wọ́n tó lọ, láti sọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó àti ẹni tí wọ́n jẹ. Bí Mùsùlùmí bá ni yín, kí ẹ̀gbọ́n yín bi àlùfáà léèrè hadíìsì tó ní kò yẹ kí Mùsùlùmí tó ní ohun tí yóò fi sílẹ̀ sun oorun alẹ́ méjì láìjẹ́ pé ìwé ìhágún rẹ̀ wà ní kíkọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 pàápàá sọ pé aláìsàn ni kí a ṣàlàyé ipò ìlera rẹ̀ àti oríṣi ìtọ́jú tó wà fún, ní èdè tí ó gbọ́, àfi bí ẹ̀rí tó lágbára bá wà pé sísọ ọ́ yóò lòdì sí ire rẹ̀.

Ẹ má pe ìpàdé ẹbí lé wọn lórí. Ẹ gbé àdìrẹ náà lé orí itan ní ìrọ̀lẹ́ tí ara bá tù wọ́n díẹ̀, kí ẹ ní, "Màmá, irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Kí ni ẹ̀yin rò pé ó ń ṣe yín?" Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Dídákẹ́ yìí ni ó ṣòro jù. Bí wọ́n bá ní, "Ṣé mo máa kú ni?", ẹ má fi "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" sá lọ, ẹ bi wọ́n pé kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù jù níbẹ̀. Ìrora ni ọ̀pọ̀ yóò sọ, tàbí pé àwọn kò fẹ́ di ẹrù sí ọmọ lọ́rùn. Bí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́ gbọ́, ìdáhùn ni ìyẹn náà. Ẹ béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ kí dókítà máa bá sọ ọ́.

Ní ti kímò, ìbéèrè tí ẹ ó gbé tọ dókítà ni pé: kí ni yóò ṣe fún wọn, kí sì ni yóò gbà lọ́wọ́ wọn? Wíwo àrùn tán, fífa ọjọ́ gùn àti mímú ara tu ènìyàn kì í ṣe ohun kan náà, aláìsàn tí ń tẹ́wọ́ gba èyí tó gbẹ̀yìn sì lè rò pé àkọ́kọ́ ni. Ẹ béèrè bóyá àyẹ̀wò kókó náà fi hàn pé oògùn oníhóró, irú èyí tí ń dènà họ́mọ̀nù, lè ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè nípa ìtọ́jú onítànṣán, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ta sí ibi tí àrùn wà, fún egungun tí ń ro, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo a máa tó láti dín ìrora ọ̀pọ̀ ènìyàn kù. Ẹ ro ti ọ̀nà pẹ̀lú: láti Òṣogbo gba Gbọ̀ngán àti Ìkirè dé Ìbàdàn kì í ṣe eré fún ẹni tí egungun ń dùn, pàápàá bí yóò bá máa lọ, tí yóò máa bọ̀.

Ìtọ́jú amáratuni sì wà, èyí tí wọ́n ń pè ní palliative care; orúkọ yẹn ni kí ẹ fi béèrè ní ilé ìwòsàn. Kì í ṣe pé a ti pa aláìsàn tì. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2010 lórí ènìyàn 151 tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró (kì í ṣe ti ọyàn, mo mọ̀), àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí gba ìtọ́jú líle kéré sí àwọn yòókù ní ìgbẹ̀yìn, síbẹ̀ wọ́n fi ohun tó lé ní oṣù méjì pẹ́ láyé jù wọ́n lọ.

Bí dókítà bá kọ mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora tó lágbára, fún Màmá, ẹ má bẹ̀rù pé yóò di bárakú tàbí pé yóò yá ikú wọn. Bí dókítà bá wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ fún ìrora jẹjẹrẹ, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Aago ni kí ẹ máa fi lò ó, ẹ má dúró dìgbà tí ìrora bá gbérí. Ó máa ń mú kí ìgbẹ́ le, nítorí náà ẹ gba oògùn tí ń rọ ìgbẹ́ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà.

Bí Màmá bá wá ní àwọn kò lọ sí Ìbàdàn mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kí ó má bàa rò pé ẹ̀yin lẹ gbìn ín sí wọn nínú. Kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, kí dókítà sì wà níbẹ̀.