Sìmẹ́ǹtì tí kò sán kò sọ pé ilẹ̀ ti dákẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ilẹ̀ lanu lẹ́yìn ilé èmi àti bàálé mi lọ́nà Ìperindó, níbi tí àwọn tó ń wa góòlù ti gbẹ́lẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Bíríkìlà wa fi sìmẹ́ǹtì lẹ ojú rẹ̀ níbi mẹ́ta. Oṣù kan rèé, kò sán. Ṣé a lè kọ́ yàrá méjì síbẹ̀?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ má kọ́ ọ.

Ẹni kẹrin rèé tó máa bi mí ní irú ìbéèrè yìí lọ́dún yìí, sìmẹ́ǹtì yìí kan náà sì ni gbogbo wọn ń fọkàn tán. Ara ògiri ni ọgbọ́n yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Ògiri le, sìmẹ́ǹtì a dì í mú. Tí ó bá ṣí díẹ̀, sìmẹ́ǹtì á sán. Iyẹ̀pẹ̀ kì í ṣe ògiri. Mo ti rí irú rẹ̀ nínú oko kòkó kan nítòsí Iléṣà: ìka kan ṣoṣo ni mo kì bọ abẹ́ sìmẹ́ǹtì náà, odidi rẹ̀ bá mi dìde bí èépá ojú egbò. Ẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ ti fà lọ, sìmẹ́ǹtì dúró ti ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n sì ń dúpẹ́.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, ibi tó là kọ́ ni ihò wà. Góòlù Ìperindó wà nínú iṣan òkúta funfun tí à ń pè ní quartz. Awakùsà a máa tọ iṣan yẹn lọ sábẹ́, ó sì lè gba abẹ́ ilé onílé kọjá. Tí òrùlé ihò bá ń já díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ òkè rẹ̀ á máa rì, á máa fa etí mọ́ra, etí yẹn ló ń là. Ihò lè máa gun òkè bọ̀ kí ojú ìlà àtijọ́ má mì rárá. Nígbà mìíràn òkúta tó já á kún ihò pa, torí òkúta tó fọ́ ń gba àyè ju èyí tó dì lọ. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi yàrá méjì dán an wò? Kódà tí ojú ìlà náà bá ń pa dé, ẹ má tíì yọ̀: ilẹ̀ tó ń rì a máa na etí, a sì máa fún àárín pọ̀.

(Ti ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀. Ó máa ń rí bí ẹ̀yìn ìjàpá, òjò á sì pa á dé.)

Rọ́ọ̀dù ni kí ẹ fi ṣọ́ ọ, gígùn mítà kan, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ìṣísẹ̀ kan sí etí. Ẹ rì í kí orí rẹ̀ nìkan yọ, kí àwọn tó ń ra irin àlòkù má bàa fà á lọ. Ẹ fi ayùn irin sàmì sórí rẹ̀. Téèpù irin o, kì í ṣe ti télọ̀. Ẹ wọn àárín àmì méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kìíní: tí ẹ bá rí 214.3 sẹ̀ǹtímítà, tí ẹ tún rí 214.5, a jẹ́ pé mílímítà 2 kò tíì tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Kí bíríkìlà sì gbé hóòsì omi tó fi ń wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì wá, kó fi wo rọ́ọ̀dù méjèèjì sí ẹ̀kẹta tó jìnnà sí ihò. Wíwálẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù ju fífẹ̀ lọ. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ mọ amọ̀ yí ojú ìlà náà ká kí àgbàrá má wọ inú rẹ̀.

N kò fojú rí ilẹ̀ yín, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ìwé àṣẹ. Ẹ wá onímọ̀ ilẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COMEG, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti ẹnjiníà ìwakùsà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí ẹ fi ìwé ìwọ̀n yín hàn án. Tí kànga bá gbẹ lójijì, tí ilẹ̀kùn ń há, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ kan wálẹ̀ bí àtẹ̀gùn, ẹ má wọn nǹkan kan mọ́. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì fi tọ́ọ̀ṣì yọjú wo inú rẹ̀.